Ọ̀gá Méjì Nínú Ẹ̀rọ Kan, Epo Tèmi

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ kọjá láti Àkúrẹ́ lọ sí Ọ̀wọ̀, tí ẹ ń dúró ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ létí títì, ẹ kò mọ ohun tí ojú ń rí lẹ́yìn àwọn òkìtì pákó yẹn. Ẹ rò pé wàhálà ìlú wa kò ju gẹdú, sọ́míìlì àti eruku lọ. Ẹnì kan wà níhìn-ín tí ìjà tirẹ̀ kò kan igi. Èmi ni. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí mo ti ń tẹ̀wé, tí mo ń ṣe fọ́tókọ́pì, tí mo sì ń bá àwọn ọmọ iléèwé wo èsì WAEC. Bó bá dalẹ́, mo ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún ẹni tó bá lówó lọ́wọ́. Iṣẹ́ méjì, laptop kan. Ètò méjì ló ń darí laptop ọ̀hún: Windows lápá kan, Ubuntu lápá kejì. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí irun orí mi fi ń re, ẹ fìdí kalẹ̀.

Kì í ṣe fáàrí ló sọ mí di oníméjì. Printer mi kò gbọ́ràn sí ẹlòmíràn lẹ́nu àfi Windows. Ìwé tí àwọn oníbàárà ń gbé wá, ìbáà jẹ́ ètò ìsìnkú tàbí lẹ́tà ìwáṣẹ́, Word ni wọ́n fi kọ ọ́. Bí mo bá fi LibreOffice ṣí i ní Ubuntu, àwòrán olóògbé lè rọra sún lọ bo orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìdílé tó ń ṣọ̀fọ̀ kì í sì í fẹ́ gbọ́ àlàyé. Ṣùgbọ́n ètò tí mo ń kọ lálẹ́, orí server ló ń lọ, Linux, tí Ubuntu jẹ́ ọ̀kan nínú ẹ̀yà rẹ̀, ló sì ń darí èyí tó pọ̀ jù nínú server ayé. Ohun tí mo bá fẹ́ kó ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, àfi kí n dán an wò nílé lórí irú ẹ̀. Àwọn tó ń ṣe software wà níhà kan, àwọn tó ń sanwó wà níhà kejì, èmi ni wọ́n fi sílẹ̀ sójú títì.

Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ àwọn tó pilẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ná. Ọmọ ọdún 21 ni Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní Finland, nígbà tó kọ̀wé sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1991 pé òun ń ṣe ètò kan báyìí, èyí tó wá di Linux, pé eré lásán lòun fi ń ṣe, kò lè di nǹkan ńlá. Mo gbọ́. Eré yẹn ló ń jẹ mí lówó epo báyìí. Lẹ́yìn ìyẹn ni Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, fowó ara rẹ̀ lọ sí òfuurufú ní 2002, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì gbé Ubuntu jáde ní 2004. Títí di 2011, wọ́n ń fi síídì rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá béèrè, kódà wọn kì í gba owó ìfìwéránṣẹ́. Nígbà tó fi máa kàn mí, síídì ti tán. Ó di kí n fà á wálẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, fáìlì tó lé ní gígábáìtì márùn-ún, lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó máa ń sùn bí òjò bá ti ṣú. Ọ̀fẹ́ ni ètò náà. Dátà ni kì í ṣe ọ̀fẹ́, pàápàá láti January 2025 tí wọ́n ti gba àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù láyè láti fi ohun tó tó ìdajì lé owó wọn. Ọkùnrin tó dé òfuurufú yẹn, mi ò rò pé ó rí Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ láti òkè tó wà.

Àwọn èèyàn máa ń sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ mi dà bíi ti ọkùnrin tó fẹ́ ìyàwó méjì. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì fẹ́ méjì, kò sì tíì lo méjì. Orogún mọ orogún. Wọ́n á jà, wọ́n á fi orin bú ara wọn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí kò mọ̀ pé èkejì ń bẹ nínú ilé. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Ubuntu mọ̀ pé Windows wà. Ó ń ka fáìlì rẹ̀, bí mo bá sì tan ẹ̀rọ, ètò kékeré kan tó ń jẹ́ GRUB á to orúkọ àwọn méjèèjì sójú mi, á ní ta ni mo ń wá nínú wọn. Windows ní tirẹ̀ kò gbà pé ẹlòmíràn ń gbébẹ̀. Bí mo bá tọ́ka sí apá dísìkì tí Ubuntu wà, á ní òun kò rí nǹkan kan tí òun lè kà níbẹ̀, ṣé kí òun kúkú fọ́máàtì rẹ̀ fún mi? Ibi tí gbogbo iṣẹ́ alẹ́ mi wà!

Pípa rẹ̀ ńkọ́? Láti ìgbà Windows 8, ní 2012, ni wọ́n ti fi ohun kan tí wọ́n ń pè ní Fast Startup sínú rẹ̀, kó lè máa tètè tàn. Bí o bá ní kó kú, kì í kú tán. Á kọ apá kan ohun tó wà nínú ìrántí rẹ̀ sórí dísìkì, á wá dákẹ́. Nígbà tí Ubuntu bá dé, á rí i pé ẹni tó ni dísìkì kò tíì lọ, á ní òun lè wo fáìlì ibẹ̀, ṣùgbọ́n òun ò ní fọwọ́ kàn án. Èyí tó wá ń dùn mí jù rèé: bí o bá tẹ Shut down, ńṣe ló ń tòògbé, bí o bá tẹ Restart, pé kó padà dìde, ìgbà yẹn gan-an ló máa kú. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, bí wọ́n bá ti kéde pé ẹnì kan kú, wọ́n ti ń yan aṣọ ẹbí nìyẹn.

Ká fi ìyẹn sílẹ̀, ọ̀rọ̀ aago ló bà mí lórúkọ jẹ́. Ubuntu gbà pé aago tó wà níkùn ẹ̀rọ, aago Greenwich ni. Windows gbà pé aago ìlú tí èèyàn ń gbé ni. Wákàtí kan ni Nàìjíríà fi ṣíwájú Greenwich, nítorí náà bí mo bá kúrò ní Ubuntu tí mo wọ Windows, aago mi á fi wákàtí kan padà sẹ́yìn, á sì wà bẹ́ẹ̀ títí íntánẹ́ẹ̀tì yóò fi rántí tún un ṣe. Ká ní ará Lomé tàbí Accra ni mí, mi ò ní mọ̀ pé ìjà kankan wà, torí aago tiwọn àti ti Greenwich dọ́gba. Ọ̀gá kan lókè òkun tó fẹ́ gbé iṣẹ́ fún mi ní ká ríra lórí fídíò láago méjì ọ̀sán. Mo wẹ̀, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́rùn, mo jókòó síwájú ẹ̀rọ nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí aago méjì lù, gẹ́gẹ́ bí laptop ṣe wí. Ọ̀gá ti bá tirẹ̀ lọ. Ó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún mi pé òun ti máa ń gbọ́ nípa aago aláwọ̀ dúdú. Ó ṣe mí bíi kí n dá a lóhùn pé kì í ṣe aago aláwọ̀ dúdú ló ṣe é, aago Greenwich ni, aago tiwọn gan-an.

Àṣẹ kan wà tí èèyàn lè pa fún Ubuntu pé kó máa lo aago ìlú bíi ti èkejì. Mo pa á. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó kùn: ó kọ ọ́ sójú ẹ̀rọ pé ohun tí mo ní kó ṣe yìí lè dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ gbọ́ ẹni tó ń kìlọ̀ wàhálà fún mi.

Màmá kan tó ń ta pákó ní kí n ṣe ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì fún òun, kí àwọn kọ́lékọ́lé Àkúrẹ́ àti Oǹdó lè máa rí ọjà òun láì wọkọ̀. Ọmọ rẹ̀ ló ya àwòrán, òun náà ló sọ wọ́n lórúkọ. Ó fi A ńlá bẹ̀rẹ̀ Afara; nínú ètò tèmi, a kékeré ni gbogbo orúkọ fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, Windows ni mo wà láti àárọ̀ nítorí ìwé ìsìnkú kan, Windows kì í sì í bèèrè bóyá lẹ́tà fáìlì tóbi tàbí ó kéré. Gbogbo igi pé, wọ́n ń dán. Mo gbé e lọ sórí server, Linux ní òun kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Láago méje òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, màmá ti dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi.

“Ọmọ mi, mo rí Ìrókò, mo rí Arère. Afárá mi dà?”

“Ẹ káàárọ̀ mà. Afárá wà lórí laptop mi.”

“Kí ló gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ? Ṣé mo tà á fún ọ ni?”

“Rárá o, mà. Ẹ̀rọ tó wà lọ́hùn-ún ló ní A ńlá yàtọ̀ sí a kékeré.”

Ó wò mí bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tí ibà ń ṣe. Ó ní, “Afárá ni Afárá. Bí mo pariwo orúkọ ẹ̀, Afárá ni. Bí mo rọra pè é, Afárá náà ni.” Lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yìn màmá ni mo wà. Mo ṣe tán láti bá Torvalds sọ ọ́ lójúkojú.

(Àmì tí a kì í fojú rí tó ń parí ìlà ọ̀rọ̀ náà ń bẹ. Windows ń fi méjì parí ìlà, Linux ń fi ẹyọ kan. Àṣẹ tí mo bá kọ síhìn-ín lè dé ọ̀hún kó kọ̀ jálẹ̀ nítorí ohun tí ojú kò rí. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ń bẹ nínú ẹbí wa.)

Ìpààrọ̀ ló ń náni lówó. Ká ní mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Ubuntu, ọpọlọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná, oníbàárà dé pẹ̀lú ẹyọ ìwé kan tó fẹ́ tẹ̀. Àfi kí n kó gbogbo rẹ̀ pamọ́, kí n tún ẹ̀rọ tàn, kí GRUB bi mí léèrè, kí n fèsì, kí dísìkì àtijọ́ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Windows á wá dìde, á ní òun ń ṣe update lọ́wọ́, ẹ má ṣe pa kọ̀ǹpútà yín. Èmi kọ́ ni mo máa ń pa á. Àwọn oníná ń bẹ níbẹ̀. Bátìrì tòkunbọ̀ ni tèmi, kò lè dá sọdá títì, nítorí náà màá sáré lọ fa okùn jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa ń pè ní I-pass-my-neighbour. Ẹ rántí pé ní May 2023 tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà tí a ń rà lábẹ́ ₦200 fò dé nǹkan bí ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sì bojú wẹ̀yìn mọ́. Update dé ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún, epo ń jó. Oníbàárà ní, “Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà, ṣé kò tíì ṣetán?” Mo ní kó ní sùúrù. Ó rọra ká ìwé rẹ̀, ó sọdá lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì, níbi tí ọmọdékùnrin kan wà tí kò mọ Linus, tí kò mọ Greenwich. Windows nìkan ló ní. Ó tẹ̀ ẹ́ ní wàràwàrà, ó gbowó mi.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ pé ibì kan wà tí orí ti yọ mí. Ní August 2024, Microsoft gbé àtúnṣe ààbò kan jáde. Wọ́n ti sọ tẹ́lẹ̀ pé kò ní dé orí ẹ̀rọ tó bá ń lo Windows àti Linux pọ̀. Ó dé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn káàkiri ayé tan laptop, Linux kọ̀, ọ̀rọ̀ kan sì jáde lójú ẹ̀rọ: “Something has gone seriously wrong.” Kò sí oníṣègùn tó máa sọ báyẹn fún aláìsàn. May 2025 ni àtúnṣe tó parí ọ̀rọ̀ náà pátápátá tó jáde. Oṣù mẹ́sàn-án! Ẹni tó lóyún lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ti ń fọ́mọ lọ́mú. Èyí tó gba tèmi là ni pé ẹni tó ta laptop fún mi lójú ọ̀nà Ọba Adésídà ní Àkúrẹ́ ti pa Secure Boot, ohun tí àtúnṣe yẹn ń bá ṣiṣẹ́, kó tó gbé e fún mi. Mi ò mọ ìdí tó fi pa á, mi ò sì fẹ́ béèrè.

Ìmọ̀ràn ńkọ́? Wọ́n pọ̀ ju oníbàárà lọ. Àwọn ọmọ yunifásítì FUTA tó máa ń yà lọ́dọ̀ mi ní kí n lo WSL, ohun tí Microsoft gbé jáde ní 2016 tó ń jẹ́ kí Linux máa ṣiṣẹ́ nínú Windows láì tún ẹ̀rọ tàn. Ó dára. RAM gígábáìtì mẹ́rin ni mo ní. Windows ń jẹ èyí tó pọ̀ níbẹ̀ kí n tó ṣí ohunkóhun, ẹ ní kí n tún pe àlejò wọlé. Àwọn mìíràn ní kí n bọ́ sí Windows 11. Ìyẹn ń béèrè chip ààbò tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, tòkunbọ̀ mi kò sì gbọ́ orúkọ yẹn rí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ti dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ dúró fún Windows 10 ní October 14, 2025. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Oǹdó ló sọ èyí tó lọ́gbọ́n jù. Ó ní kí n ra laptop kejì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó fi owó rẹ̀ ránṣẹ́. Láti ìgbà yẹn, kò rí ìpè mi gbé mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dé láti Àkúrẹ́. Iṣu kan wà lábẹ́ apá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ló fi rán an. Laptop tuntun pẹlẹbẹ kan wà nínú báàgì rẹ̀. Lẹ́yìn tó dọ̀bálẹ̀ tán, ó ní, “Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi Ubuntu kún tèmi náà, kó jẹ́ méjì bíi tiyín.” Mo tàn án, mo wo dísìkì rẹ̀. Gígábáìtì 32 ni gbogbo rẹ̀, Windows sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ tán. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi méjì ṣe. Ó ní àwọn ẹgbẹ́ òun ní ẹni tí kò bá lo méjì kò tíì di developer.

Mo gba iṣu náà, mo dá laptop padà fún un.