Ọ̀gá Ọ̀la

Bí ẹ bá fẹ́ dá a mọ̀ láàárín èrò, ọrùn rẹ̀ ni kí ẹ wò. Káàdì ibi iṣẹ́ rẹ̀ rọ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti da ojú rẹ̀ dé, kí ẹ má baà ka ohun tí wọ́n kọ sí i. Bí ẹ bá béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, á tún kọ́là ṣe, á ní, "Ẹ̀ka ìlera ni mo wà." Kò parọ́. Ẹ̀ka ìlera gba èèyàn: dókítà tó ń la ọpọlọ wà níbẹ̀, ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ oúnjẹ kiri wọ́ọ̀dù náà wà níbẹ̀.

Ọ̀gá Ọ̀la lèmi ń pè é. Ẹ ó bá a ní Leeds, ẹ ó bá a ní Coventry, ẹ ó bá a ní Hull. Ibikíbi ní Ìlú Ọba tí yunifásítì bá wà, tí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó sì wà nítòsí, ó ti gbalé síbẹ̀. Kì í ṣe dókítà, kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ló balẹ̀, òun àtìyàwó àtọmọ kan, kí ìjọba ibẹ̀ tó fòfin dè é láti oṣù kìíní ọdún 2024 pé ẹni tó bá wá ka másítà, àfi tí tirẹ̀ bá jẹ́ ti ìwádìí, kò gbọdọ̀ kó ìdílé dání mọ́. Ọdún kan ló fi kàwé gboyè nínú ìdarí ètò ìlera. Ilẹ̀ kan ni wọ́n tà ní Ṣágámù kí wọ́n tó rí ìdajì owó ilé-ìwé san. Náírà wá já wálẹ̀ kí ìdajì kejì tó pé, ni ilẹ̀ kejì bá tẹ̀ lé èkíní. Ẹ má wo ìwé-ẹ̀rí tó fi há ara ògiri yẹn bí ìwé lásán. Púlọ́ọ̀tì méjì ló wà nínú gíláàsì yẹn.

Ìdí nìyẹn tí ìyá rẹ̀ kò fi lè gbọ́ pé ọmọ òun ń ṣe kéà, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá ti dúpẹ́, wọ́n ti jó, wọ́n ti sọ fún pásítọ̀ pé ilé ìwòsàn àwọn òyìnbó wà níkàáwọ́ Àkànní. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni ìyá máa ń pè.

"Àkànní, ọkọ mi, ṣé dáadáa lo wà? Ilé ìwòsàn ńkọ́?"

"Ó ń lọ dáadáa, Màámi."

"A dúpẹ́. Ọmọ Ìyá Ìjọ ti ṣe tán nílé-ìwé nọ́ọ̀sì o. Mo ti ní kó fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ, kí o bá a wá àyè kan lọ́dọ̀ rẹ."

"Ẹ ní kó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ ná, Màámi. A ó wò ó."

Mo fẹ́ràn "a ó wò ó" yẹn. Ọ̀gá àgbà tó ti lo ogún ọdún lórí àga kò lè sọ ọ́ kó dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣí CV rẹ̀ wò. Kó tó kúrò nílé, ilé ìwòsàn aládàáni kan tó ní bẹ́ẹ̀dì mẹ́jọ ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń kọ káàdì fáwọn aláìsàn, òun ló ń ra díísẹ́lì sí jẹnẹrétọ̀, òun náà ló ń bẹ àwọn òṣìṣẹ́ bí owó oṣù bá pẹ́. Gbogbo ìyẹn kò sí nínú CV. Díísẹ́lì ti di "energy resilience". Ìjà tó là láàárín nọ́ọ̀sì méjì lórí ẹni tó mu mílíìkì ẹnì kejì ti di "conflict resolution across multidisciplinary teams". Òun fúnra rẹ̀ ti di "Operations Manager". Bẹ́ẹ̀, ká sòótọ́, ẹni tó lè jáde láago méjì òru lọ wá díísẹ́lì, kí iná má baà kú mọ́ dókítà lọ́wọ́ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ abẹ fún aboyún, ọ̀gá ni. Ká ní ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni, tí mo sì níṣẹ́ tí mo lè fún èèyàn, màá pè é.

Àmọ́ irú iṣẹ́ wo ló ń wá? NHS, ètò ìlera ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìlú Ọba lọ́dún 1948, ti ní àtẹ̀gùn owó oṣù kan láti ọdún 2004, band ni wọ́n ń pe ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀. Ẹni tó ń wẹ aláìsàn wà ní Band 2. Nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde wà ní Band 5. Bẹ̀rẹ̀ láti 8a ni ẹ ó ti máa bá àwọn tó ń ti ìpàdé kan bọ́ sí òmíràn, àwọn tí ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ wọn ju £55,000 lọ́dún lọ ní 2025. Ọ̀gá Ọ̀la kì í wo ohunkóhun tó bá wà lábẹ́ 8a. Ó ní bí dúdú bá bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, wọ́n á gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Irọ́ kọ́ ni gbogbo rẹ̀, mo mọ àwọn tí wọ́n gbàgbé. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n rántí náà wà, kò sì sẹ́ni tó rántí ẹni tí kò sí níbẹ̀ rárá.

Àsìkò tó yàn náà tún wá dára! Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2025, olórí ìjọba Ìlú Ọba, Keir Starmer, kéde pé àwọn máa tú NHS England ká, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń darí ètò ìlera ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n tún ní kí àwọn ìgbìmọ̀ méjìlélógójì tó ń pín owó ìlera lágbègbè gé ìnáwó ọ́fíìsì wọn sí ìdajì. Ẹni tó ti wà ní 8a láti ọdún gbọọrọ ń kó ẹrù rẹ̀ sínú páálí. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Ọ̀gá Ọ̀la gbé e sórí LinkedIn pé àsìkò ti tó fáwọn aṣáájú tuntun. Èèyàn mọ́kànlá ló fi ọwọ́ sókè fún un. Àwọn aṣáájú àtijọ́ tó wà níbẹ̀ kò dáhùn, fọ́ọ̀mù ìwáṣẹ́ làwọn ń kọ lọ́wọ́.

Wọ́n pè é sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lẹ́ẹ̀kan. Mo lè sọ bó ṣe lọ, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi, ó sì sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Obìnrin kan bi í pé: ká ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni, aláìsàn méjìlá wà lórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà ní kọ́rídọ̀ ẹ̀ka pàjáwìrì, kò sí àyè ní wọ́ọ̀dù, kí lo máa kọ́kọ́ ṣe? Ọ̀gá Ọ̀la rántí ìwé. John Kotter, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà, kọ ìwé kan ní 1996 tó fi to ìgbésẹ̀ mẹ́jọ tí èèyàn fi ń yí ilé-iṣẹ́ padà lẹ́sẹẹsẹ. Èkíní nínú wọn ni pé kí èèyàn jẹ́ kí gbogbo òṣìṣẹ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà jẹ́ kánjúkánjú. Ohun tó sọ fún wọn gan-an nìyẹn. Ní kọ́rídọ̀ ẹ̀ka pàjáwìrì! Bóyá ìgbésẹ̀ kejì ni wọn ì bá dúró gbọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní àkókò ti tó.

Nǹkan kan wà tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí, mi ò sì ní fi ṣẹ̀fẹ̀.

Ní òru kan nínú oṣù Ọ̀pẹ, nílé àwọn arúgbó tó ti ń ṣe kéà, ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná dákú. Méjì nínú àwọn tó yẹ kó wá síṣẹ́ ti pè pé ara àwọn ò yá. Ó ku òun àti ọmọbìnrin ará Íńdíà kan tí kò tíì pé oṣù kan lẹ́nu iṣẹ́. Arúgbó tó lé ní ogún wà nínú ilé, òtútù sì ń wọlé. Bàbá kan ṣubú ní balùwẹ̀. Wọ́n pe áńbúláǹsì, áńbúláǹsì ní ó máa pẹ́. Ọ̀gá Ọ̀la kò gbé bàbá náà dìde, nítorí ó mọ̀ pé itan rẹ̀ lè ti ṣẹ́. Ó tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì sábẹ́ rẹ̀ àti sórí rẹ̀, ó ní kí ọmọbìnrin náà jókòó tì í, kó máa bá a sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, kó má jẹ́ kó sùn. Òun fúnra rẹ̀ ń kó àwọn yòókù bọ̀ sí pálọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ibi tí iná ẹlẹ́tíríìkì kékeré kan wà, àwọn tó máa ń ṣáko lọ ló kọ́kọ́ kó. Ó wo ìwé oògùn, ó rí i pé oògùn àtọ̀gbẹ màmá kan ti fẹ́ kọjá àkókò, ó ta ọ̀gá ilé jí lórí fóònù. Ó po tíì fún gbogbo wọn. Nígbà tí ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba màmá kan, ó kọrin ìsìn fún un, èyí tí wọ́n kọ́ ọ ní Ṣágámù, màmá náà sì mọ̀ ọ́n lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ilẹ̀ mọ́, gbogbo wọn pé.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, ó fi fọ́ọ̀mù kan ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá òun wo èdè rẹ̀. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀: sọ ìgbà kan tí o darí àwọn èèyàn la ìṣòro já. Ohun tó kọ ni iṣẹ́ àṣepọ̀ tí òun àti akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ṣe ní yunifásítì lórí ilé ìwòsàn kan tí kò sí níbì kankan láyé. Mo pè é.

"Àbúrò, òru ọjọ́ tí ilé tutù ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn kì í ṣe ìdarí. Kéà nìyẹn."

Mo gbìyànjú. Kò gbọ́.

Ọ̀gá ilé àwọn arúgbó gbọ́ ní tirẹ̀. Láti ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2025, ìjọba Ìlú Ọba ti ti ilẹ̀kùn mọ́ gbígba àwọn olùtọ́jú arúgbó tuntun láti òkè òkun, èyí tó bá sì ti wà nínú ilé ti dọ̀wọ́n. Obìnrin náà pè é sí ọ́fíìsì, ó ní kó wá di olórí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru, àwọn á bá a ṣe físà. Físà ọdún méjì tí wọ́n fún un lẹ́yìn másítà sì ń jó lọ bí àbẹ́là. Ó ní òun á rò ó. Ó délé, ìyàwó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá Ire, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á. Físà nìyẹn."

"Kí ni màá wá kọ sórí LinkedIn?"

Títí di àkókò tí mo ń kọ èyí, ó ṣì ń rò ó. Ṣùgbọ́n kò jókòó lásán. Ó ti dá kíláàsì sílẹ̀ lórí Zoom, alẹ́ Sátidé, ₦10,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan: bí èèyàn ṣe ń di aṣáájú nínú ètò ìlera Ìlú Ọba. Àwọn nọ́ọ̀sì ń wọlé láti Ìlọrin, àwọn apòògùn láti Àkúrẹ́. Mo yọjú síbẹ̀ nígbà kan. Kóòtù àti táì ló wà lókè, ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ àwòrán ilé ìkàwé ńlá. Nígbà tó dìde lọ gbé omi, mo rí i pé ṣòkòtò iṣẹ́ òru ló wà nísàlẹ̀.

Ó ṣàlàyé ìgbésẹ̀ mẹ́jọ Kotter, gbogbo rẹ̀. Àkókò ìbéèrè tó. Ọmọbìnrin kan láti Ìṣẹ́yìn na ọwọ́. Ilé ìwòsàn alábọ́dé kan níbẹ̀ ló ń tọ́jú, òun àti ẹ̀ṣọ́ kan péré, ó ní òun ní láti tètè béèrè nítorí aboyún kan ti ń rọbí lẹ́yìn òun.

"Ẹ ṣé gan-an, sà. Ilé ìwòsàn wo lẹ̀yin fúnra yín ń darí báyìí?"

Ojú Ọ̀gá Ọ̀la kò yẹ̀ kúrò lára kámẹ́rà.

"Ohùn yín ń já o, sístà. Ẹlòmíì tó ní ìbéèrè?"