Èmi Ni Mo Kó Àrùn Ran Alùpùpù Mi

Honda CG125 kì í tètè kú. Láti 1976 ni wọ́n ti ń ṣe é, tèmi sì ti gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn kọjá kó tó dé Accra. Ohun tí kò tíì rí rí ni ẹni tó gbà pé òun gbọ́n ju mẹkáníìkì lọ.

Nídìí iná tráfíìkì ní Kaneshie, mo fún ọwọ́ klọ́ọ̀ṣì mọ́ra, jíà wà ní ọ̀kan, mo ń retí kí iná yí padà. Alùpùpù kò retí. Ó ń wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ sídìí igbá ìyá oníkẹ́ńkẹ́.

“Ọ̀gá, mélòó ni kí n dì fún yín?”

Ojú tì mí, mo ra méjì.

Mo délé, mo yẹ ọwọ́ klọ́ọ̀ṣì wò: ó dẹ̀ jọwọ. Bí wáyà bá dẹ̀ jù, pléètì inú klọ́ọ̀ṣì kì í ya ara wọn tán, òun ló ń jẹ́ kí alùpùpù máa wọ́. Ibi tí ọgbọ́n mi parí sí nìyẹn. Ó yẹ kí orí ọwọ́ náà ṣì máa mì, bíi mílímítà 10 sí 20, kó tó fa wáyà. Èmi rò pé mímì yẹn gan-an ni àìsàn, mo yí nọ́ọ̀tì títí kò fi mì mọ́ rárá. Mo tún rántí pé ọ́ìlì tí ẹ̀gbọ́n mi rà fún mọ́tò rẹ̀ ṣẹ́kù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kí ni mo fẹ́ náwó sí? Mo da ti àtijọ́ nù, mo rọ èyí sí i.

Nígbà tí mo gun afárá Circle, èyí tí àwọn ará Accra sọ ní Dubai nígbà tí wọ́n ṣí i ní 2016, ẹ́ńjìnì ń ké tantan, eré kò sí. Trótró kan, ọkọ̀ èrò, ń kọjá. Méètì rẹ̀ tó ń gba owó ọkọ̀ na ọwọ́ jáde, ó ní kí n dì í mú.

Mo dájọ́ lójú ẹsẹ̀: pléètì ti jẹ tán. Mo lọ ra tuntun ní Abossey Okai. Ẹni tó tà á ní kí n kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú ọ́ìlì mọ́jú. Mo ní, ṣé gàrí ni? Mo tò ó ní gbígbẹ.

Igbe ẹ́ńjìnì kò dín. Mo bá tì í lọ sọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì ní Kokompe. Ọmọ iṣẹ́ kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù fi ìka kan fa ọwọ́ klọ́ọ̀ṣì.

“Ọ̀gá, bí ẹ ṣe fà á le yìí, ṣe ni ẹ ń fún klọ́ọ̀ṣì tọ̀sán-tòru.”

Pléètì kò lè fún mọ́ra wọn bẹ́ẹ̀. Ó dẹ nọ́ọ̀tì. Ó sàn, kò sàn tán. Ó wá béèrè irú ọ́ìlì tí mo lò. Tìgbéragatìgbéraga ni mo fi dáhùn.

Ọ̀gá rẹ̀ gbọ́, ó fi spánà sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ni klọ́ọ̀ṣì irú alùpùpù yìí ń gbé. Ọ̀pọ̀ ọ́ìlì mọ́tò sì ní èròjà tí ń mú irin yọ̀ kí mọ́tò má baà jẹ epo púpọ̀. Pléètì tó bá ń yọ̀ kò lè di ara wọn mú. Èyí tí wọ́n kọ JASO MA sí lára ni kí n máa rà. Ó ní ohun tí kò gbówó lórí ni èèyàn ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò: ọwọ́, wáyà, ọ́ìlì. Ẹ́ńjìnì ni wọ́n ń tú kẹ́yìn.

Wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì, alùpùpù sì gun Dubai láìké. Ọ̀gá náà wọn pléètì àtijọ́ tí mo yọ, ó ní ó ṣì wúlò ju èmi lọ.

Ìyàwó mi béèrè iye tó ná mi. Iye ọ́ìlì ni mo sọ.