Owó Wà, Onídùúró Ni Ò Sí

Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 2026, òfin ti là á kalẹ̀ pé lánlọ́ọ̀dù kò gbọdọ̀ gbà ju owó ilé oṣù kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé kó tó kó wọlé. Àánú àwa mẹ̀kúnnù ló ṣe wọ́n.

Àmọ́ owó ilé ọdún kan lápapọ̀ ni ohun ìjà kan ṣoṣo tí ọmọ Yorùbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní. Ní Èkó, òfin ọdún 2011 ní kí lánlọ́ọ̀dù má gbà ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Àwọn lánlọ́ọ̀dù gbọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọdún méjì làwọn ń gbà, ká má gbàgbé owó àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣàn. A bú wọn títí, a ta ilẹ̀, a wọ bàálù. A dé Surrey Quays ní London tán, àwa náà la tún ń bẹ ejẹ́ǹtì pé kó dákun gba tọdún kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní báyìí, bó bá gbà á, ó ti rú òfin.

Ó wá ku ìwé owó oṣù. Ìṣirò ọ̀pọ̀ ejẹ́ǹtì ni pé kí owó tó ń wọlé fún ọ lọ́dún tó owó ilé oṣù kan lọ́nà ọgbọ̀n. Ká ní £1,500 ni yàrá kan tí wọ́n ń pè ní studio, o gbọ́dọ̀ máa gba £45,000 lọ́dún kó o tó lè sùn síbi tó o ti lè jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì ro ọbẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú arúgbó lóru kò débẹ̀.

Ibo gan-an là ń ṣe báyìí fún? Èbúté pákó ni Surrey Quays, títí wọ́n fi tì í pa ní 1970. Surrey Docks lorúkọ stéṣàn ibẹ̀ títí di 1989, kó tó di Surrey Quays. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé orúkọ tuntun kì í wá lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣáájú pákó, àwọn tó ń pa àbùùbùtán ló ń gúnlẹ̀ sí Greenland Dock, tí wọ́n ń yọ́ ọ̀rá rẹ̀ létí omi. Ẹ wo bí ibẹ̀ á ṣe máa rùn! Lónìí, din ẹja títù méjì péré, kí alámù èéfín má ké, kí aládùúgbò má fẹjọ́ sun ejẹ́ǹtì.

Yàrá studio náà ní oore tirẹ̀ o. Ìyá ìyàwó ò lè wá wẹ ọmọ foṣù mẹ́fà. Ará ilé ò lè ní kó o gba òun fún ọ̀sẹ̀ kan péré.

Bí owó oṣù ò bá tó, wọ́n á ní kó o mú onídùúró wá, ẹni tó ń gbé nílẹ̀ yìí, tó sì ń gba bíi £54,000. O rántí bọ̀dá tó wà ní Peckham. Kò kúkú jìnnà, ìdúró kejì lójú irin ni Peckham Rye. Bọ̀dá náwó lójú agbo ní Old Kent Road ní Sátidé tó kọjá, fídíò rẹ̀ ti kárí WhatsApp. O pè é, ó ní ká fàdúrà sí i. O tún un pè, fóònù ń dún, kò gbé e.

Mi ò dá bọ̀dá lẹ́bi tán. Onídùúró ló ń san gbèsè bí ayálégbé bá sá lọ, àwọn kan sì ti sá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tẹ́ ẹ ti pẹ́ níbí, bí ẹ ò bá lè fọwọ́ síwèé, ẹ gbé fóònù, kẹ́ ẹ sọ pé ẹ ò lè ṣe é, kí àbúrò yín lè tètè gba Thamesmead lọ wálé míì.