Ẹ-Bá-N-Wò-Ó

Ní ìlú gbogbo tí ọkọ̀ tòkunbọ̀, ìyẹn ọkọ̀ tí wọ́n ti lò nílẹ̀ òkèèrè kí wọ́n tó kó o gba orí omi wọlé, bá ti pọ̀ ju ọkọ̀ tuntun lọ, láti Èkó dé Ìbàdàn àti láti Abẹ́òkúta dé Òṣogbo, a máa ń rí irú ọkùnrin kan tí a lè pè ní Ẹ-bá-n-wò-ó, nítorí pé gbólóhùn yìí ni ó fi ń wọ ọgbà mẹkáníìkì kí ó tó rántí láti béèrè àlàáfíà. Ọkùnrin yìí kì í ṣe òtòṣì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òmùgọ̀. Ó sábà máa ń jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tàbí olùkọ́ àgbà, ó kàwé, ó mọ owó ṣọ́, ó sì ní ìgbàgbọ́ kan tí kì í yẹ̀, pé mẹkáníìkì kìn-ín-ní tí ó bá wo ọkọ̀ òun, irọ́ ni ó ń pa. Ìdí tí mẹkáníìkì kejì yóò fi wá máa sọ òótọ́ kò tíì yé ẹnikẹ́ni, kò sì tíì yé òun náà.

Kí a má fi òdodo pa mọ́, àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kejì, ìyẹn kí a gbé ọkọ̀ tí ẹnì kan ti yẹ̀ wò lọ fún ẹlòmíràn tí kò mọ ohun tí ẹni ìṣáájú sọ, jẹ́ ọgbọ́n tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nínú ọgbà mẹkáníìkì, a kì í sábà sanwó fún wíwò. Owó ọwọ́, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní wókìmáńṣíìpù, ni wọ́n ń gbà lórí ohun tí wọ́n bá tú tí wọ́n sì tò padà, nítorí náà ẹni tí yóò jèrè bí ẹ́ńjìnì bá di títú náà ni ẹni tí a ń bi bóyá kí a tú u. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà, Ẹ-bá-n-wò-ó sì mọ òwe náà dáadáa. Ohun tí ó ṣòro fún un láti mọ̀ ni ohun tí ó fẹ́ rà ní ọjà ọ̀hún.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí ń gbóná jù ni ó fi ìwà rẹ̀ hàn jù lọ. Ká ní Honda Accord ti ọdún 2003 ni ó ń wà, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà sọ ní End of Discussion, bí ẹni pé iyàn ti parí lórí rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ tí ń fi ìgbóná hàn bá gòkè nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, tí omi sì ń hó nínú rédíétọ̀, mẹkáníìkì lè sọ pé tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó. Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ni awẹ́ pẹlẹbẹ tí ó wà láàárín orí ẹ́ńjìnì àti ara rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí iná, omi àti ọ́ìlì pàdé ara wọn. Bí ó bá jó, wọn yóò ṣí orí ẹ́ńjìnì, wọn yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń fi ẹ̀rọ fá irin kí ojú rẹ̀ lè tẹ́jú, owó iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í sì í ṣe owó kékeré. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ lè gbóná nítorí pé ìdérí rédíétọ̀ kò dé dáadáa mọ́, tàbí nítorí pé fáànù kò yí, tàbí nítorí pé pọ́ọ̀ǹpù omi ti bàjẹ́, tàbí nítorí pé tẹmosítáàtì ti há, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tí ń ṣí fún omi nígbà tí ìgbóná bá tó nǹkan bí ìwọ̀n 82 sí 90 ti Celsius. (Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti yanjú ọ̀rọ̀ tẹmosítáàtì nípa yíyọ ọ́ sọ nù, wọ́n ní ilẹ̀ wa kò tutù tó èyí tí a ń lò ó sí, kọ̀ǹpútà ọkọ̀, tí ó rò pé ẹ́ńjìnì kò tíì móoru, a sì máa fi epo kún epo.) Ọ̀nà wà láti mọ èyí tí ó jẹ́ nínú gbogbo wọn. A lè fi géèjì wọn bí afẹ́fẹ́ ti ń fún pọ̀ tó nínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, a sì tún lè lo oògùn olómi aláwọ̀ búlúù kan, tí ń di yẹ́lò bí èéfín inú ẹ́ńjìnì bá ti ń wọ omi rédíétọ̀, láìtú nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo.

Ẹ-bá-n-wò-ó kò ní béèrè fún ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí, nítorí pé àyẹ̀wò ń ná ni lówó, èrò tirẹ̀ sì ni pé ojú kì í gbowó kí ó tó ríran. Ohun tí ó ń ṣe ni pé yóò wa ọkọ̀ gbígbóná náà lọ sí ọgbà kejì, yóò ṣí bónẹ́ẹ̀tì, yóò sì wí pé: “Ẹnjiníà, ẹ bá n wò ó. Ẹnì kan ní tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ni, èmi sì mọ̀ pé kì í ṣe òun.” Mẹkáníìkì kejì ti wá mọ ohun tí ẹni kìn-ín-ní sọ, ó sì ti mọ ohun tí oníbàárà fẹ́ gbọ́, kò ku ohun tí ó ń wò nínú ọkọ̀ mọ́. Bí ó bá dá owó gọbọi lé e, oyè Ẹnjiníà yóò bọ́ lórí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, yóò di “ọmọkùnrin yìí”. Bí ó bá ní ìdérí rédíétọ̀ lásán ni, yóò di ọ̀gá tí ó mọṣẹ́ dójú àmì, títí di ọ̀la tí omi yóò tún hó.

Ní ti ariwo, ìwà náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohùn ni mẹkáníìkì tí ó mọṣẹ́ fi ń mọ ibi tí àrùn wà: kẹ́-kẹ́-kẹ́ nígbà tí a bá yí sítíárìn dé ìpẹ̀kun sábà máa ń jẹ́ ti oríkèé irin tí ń gbé agbára lọ sí ẹsẹ̀ iwájú, gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀ nígbà tí táyà bá kó sí kòtò lè jẹ́ ti bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tàbí ti ṣọ́ọ̀kì, wíìì nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí sì sábà máa ń jẹ́ ti bẹ́líìtì tí ó ti dẹ̀. Ẹ-bá-n-wò-ó kì í ní sùúrù kí ọkọ̀ sọ tẹnu rẹ̀. Òun ni ògbufọ̀, ohùn kan náà kì í sì í jáde lẹ́nu rẹ̀ níbi méjì: kẹ́-kẹ́-kẹ́ ni ní Mushin, ó ti di kọ̀-kọ̀-kọ̀ kí ó tó dé Òṣòdì, nígbà tí yóò sì fi dé ọ̀dọ̀ ẹni kẹta, tí ó ti gbọ́ pé bọ́ọ̀lù jọ́ìntì kò wọ́n tó oríkèé irin yẹn, gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀ ni ọkọ̀ ń ké.

Ó tún ní skánà, ẹ̀rọ kékeré tí ń ka èdè kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Láti orí ọkọ̀ ọdún 1996 ni òfin ti mú un ní dandan ní Amẹ́ríkà pé kí ọkọ̀ kéékèèké ní ojú ihò kan tí a lè ki irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bọ̀, kí kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ lè fi nọ́ńbà sọ ohun tí ó ń ṣe é. Nọ́ńbà P0301, fún àpẹẹrẹ, ń wí pé epo kò jó dáadáa nínú sílíńdà kìn-ín-ní. Kò wí bóyá púlọ́ọ̀gì ni, tàbí kọ́ìlì tí ń fún púlọ́ọ̀gì níná, tàbí ẹnu ihò tí ń fọ́n epo. Ẹ̀sùn ni nọ́ńbà yìí, Ẹ-bá-n-wò-ó sì kà á sí ìdájọ́. Yóò gba ọjà Ládípọ̀ ní Èkó lọ, tàbí Àgọ́dì Géètì bí ó bá jẹ́ ará Ìbàdàn, láti fọwọ́ ara rẹ̀ ra ẹ̀yà ọkọ̀, ẹni tí ń ta ọjà níbẹ̀, tí kò rí ọkọ̀ náà sójú rí, yóò sì tún fún un ní èrò tirẹ̀.

Kò gbọdọ̀ ṣàìní àna kan ní California, ẹni tí ó máa ń fi ohùn ẹ́ńjìnì ránṣẹ́ sí lórí WhatsApp. Ní ìpínlẹ̀ yẹn, òfin pàṣẹ pé kí ilé iṣẹ́ àtúnṣe kọ iye owó sílẹ̀ kí oníbàárà sì gbà sí i kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, oníbàárà sì lè béèrè kí wọ́n dá ẹ̀yà àtijọ́ padà fún òun. Ẹ-bá-n-wò-ó a máa ka òfin yìí sókè ketekete lábẹ́ igi máńgòrò, níwájú ọmọ iṣẹ́ tí ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀. Èyí tí ó wúlò jù nínú rẹ̀, ìyẹn gbígba ẹ̀yà àtijọ́ kí a lè fojú rí ohun tí ó bàjẹ́, ni ó máa ń gbàgbé.

Àwọn mẹkáníìkì náà kò jókòó lásán. Bí wọ́n bá ti mọ ojú rẹ̀, ẹni kìn-ín-ní yóò ti fi owó tí ẹni mẹ́rin yóò gé kúrò lé iye tí ó dá, nígbà tí ó bá sì fi ìbínú wa ọkọ̀ jáde, ọ̀gá náà yóò fóònù sí ọgbà tí ó kàn: “Ẹ̀gbọ́n, ọkùnrin Honda yẹn ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín o. Ẹ bá n fi nǹkan lé e.” Bí a ti ń bá èrò àwọn ènìyàn yí ìlú ká báyìí ni ẹ́ńjìnì ń hó láràárọ̀, tí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì tí ó ṣeé ṣe kí ó má tíì ní nǹkan kan ní ọjọ́ kìn-ín-ní wá jó nítòótọ́, tí mẹkáníìkì kìn-ín-ní sì di aríran láìròtẹ́lẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Ẹ-bá-n-wò-ó yóò padà sí, pẹ̀lú okùn tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀ níwájú rẹ̀. “Ẹnjiníà,” yóò wí, “mo ti wádìí káàkiri, ẹ̀yin nìkan ni ẹ bá mi sọ òótọ́.” Yóò san owó náà láìdúnàádúrà, yóò sì gba nọ́ńbà fóònù ọ̀gá náà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tí bíréèkì ọkọ̀ tirẹ̀ ń han.