Òpìtàn Ẹnu Ọ̀nà ní Soho

Láàrin àwọn tó ń pe ara wọn ní àgbà ìlú London, irú ènìyàn kan wà tí a lè pè ní òpìtàn ẹnu ọ̀nà, ìyẹn ọkùnrin tó ti lé ní 70 ọdún, tó fi ìgbà èwe rẹ̀ pe èrò wọ ilé ìjó oníhòòhò ní àdúgbò Soho, tó sì ti wá di òǹkọ̀wé tí ń dárò ohun tó pè ní ìwà ọmọlúàbí ayé àtijọ́.

Ìtàn rẹ̀ kì í ṣe irọ́ pátápátá. Òótọ́ ni pé ní ilé ìṣeré Windmill, tó kógbá wọlé ní 1964, àwọn obìnrin a máa dúró ní ìhòòhò láìmira, nítorí pé Lord Chamberlain, ìyẹn ìjòyè ààfin tí ń yẹ eré orí ìtàgé wò kí wọ́n tó ṣe é, gbà kí obìnrin wà ní ìhòòhò bí kò bá ti ní mira. Òótọ́ sì ni pé Paul Raymond dọ́gbọ́n sí òfin yìí ní 1958, nígbà tó ṣí ilé ìjó oníhòòhò rẹ̀, Raymond Revuebar, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ tí ènìyàn ní láti forúkọ sílẹ̀ kó tó wọlé, torí pé àṣẹ ìjòyè náà kò dé inú ilé ẹgbẹ́ aládàáni. Ọdún 1968 ni òfin wá gba iṣẹ́ àyẹ̀wò náà kúrò lọ́wọ́ ìjòyè. Bí òpìtàn wa bá dé ibí yìí, á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òun ló gba òmìnira fún gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kó gbowó ìwọlé, kó sì ti ọ̀mùtí síta.

Ibi tí ìwé rẹ̀ ń fò kọjá ni ọ̀rọ̀ ilé ọtí onígbájúẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi owó táṣẹ́rẹ́ tan àlejò wọlé pé yóò rí ìjó, tí obìnrin kan á wá jókòó tì í, á ní kó ra nǹkan mímu fún òun, ohun tí kò ní ọtí nínú rárá. Tí ìwé owó bá sì dé, tó pọ̀ ju ohun tó wà lápò àlejò lọ, àwọn ọkùnrin ìgìrìpá á ti dúró sí àárín òun àti ilẹ̀kùn. Ìtìjú ni òwò náà fi ń jẹun, nítorí pé ọkùnrin tó ti gbéyàwó, tó sì ti òkèèrè wá, kò ní lọ ṣàlàyé fún ọlọ́pàá ibi tí òun wà lálẹ́ àná. Òpìtàn yìí kan náà ló wá ń pariwo lónìí pé olè ni àwọn tó ń ta kọfí ní Soho.

Kọfí yìí náà, àti ìjọba ìbílẹ̀, ló ní wọ́n pa àdúgbò òun. Lóòótọ́, òfin 1982 fún ìjọba ìbílẹ̀ lágbára láti máa fún ṣọ́ọ̀bù ìbálòpọ̀ ní ìwé àṣẹ tàbí kó fi dù wọ́n, ṣùgbọ́n fídíò, àti íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn rẹ̀, ti gbé ohun tí èrò ń wọkọ̀ wá wò lọ bá wọn ní yàrá. Revuebar fúnra rẹ̀ kú ní 2004. Raymond ní tirẹ̀ ti fi owó ìhòòhò ra ilé jọ rẹpẹtẹ ní Soho, kókó kan tí ẹni tó ń bínú sí owó ilé tó gun òkè kì í fẹ́ kí a tẹnu mọ́.

Orúkọ àwọn ọ̀daràn tó bá mutí pé pérépéré nínú ìwé náà, tòun ti ìnagijẹ, ṣùgbọ́n orúkọ orí ìtàgé nìkan ni àwọn obìnrin tó bọ́ṣọ kí ó lè rí jẹ ní, "àwọn ọmọ wa" ló sì ń pè wọ́n. Pé wọ́n ń gbé báàgì aṣọ sáré láti ilé ìjó kan dé òmíràn lálẹ́ kan ṣoṣo, kí owó tó ń wọlé lè tó wọn ná, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ló fi ṣe. Bí ọ̀kan nínú wọn bá dìde níbi ìfilọ́lẹ̀ ìwé tó bèèrè iye tí wọ́n ń san fún àwọn nígbà náà, òpìtàn á rẹ́rìn-ín, á ní ẹwà rẹ̀ kò tíì ṣá, á sì yára nawọ́ sí ẹlòmíràn tó ní ìbéèrè.