Abo Pọ̀, Akọ Dà?

Àkùrọ̀ ni ẹ̀yìnkùlé akọ̀wé yín yìí ní Maryland. Amọ̀ ló wà nísàlẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ lónìí, omi ò ní fà tán títí di ọ̀túnla. Igi ápù tó kọ́kọ́ gbìn síbẹ̀ rà láti gbòǹgbò.

Wọ́n wá júwe winterberry fún un, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Ilex verticillata. Ọmọ onílẹ̀ ni: ó ti ń hù nínú àbàtà ìhà ìlà-oòrùn Àríwá Amẹ́ríkà kí onímọ̀ ewéko nì, Linnaeus, tó fún un lórúkọ ìwé ní 1753. Omi ò pa á, òtútù ò pa á. Bí ewé rẹ̀ bá wọ́ tán nígbà ọ̀gìnnìtìn, èso pupa wẹ́wẹ́ nìkan ló máa ń kù lára ẹ̀ka.

Àwòrán èso yẹn ló tan akọ̀wé yín. Irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní 'Winter Red' ló rà, abo sì ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń tà á bi í bóyá yóò mú akọ kan mọ́ ọn. Ọmọ Ìbàdàn tó ti ná ọjà ní Bódìjà rí ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀! Ó ní ọgbọ́n òǹtajà lásán nìyẹn, ó gbé ẹrù rẹ̀ lọ. Ẹ sì wò ó, ìdí ìbẹ́pẹ ló dàgbà sí o. Ó mọ̀ pé igi a máa yà lákọ lábo.

Igi tanná, oyin wá, èso ò wá.

Ó ní ebi ló ń pa igi, ló bá ń da eérú ààrò tó fi ń sun ẹran sí i nídìí. Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ tó ní ásíìdì ni igi yìí ń fẹ́. Eérú ń pa ásíìdì ilẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí gbòǹgbò rí èròjà irin fà. Ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n rúsúrúsú. Ó tún bu eérú kún un. "Ẹ jọ̀ọ́," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "gbèsè wo ni igi yìí jẹ yín?"

Nígbà tó gbà tán pé àìsí akọ ló fà á, ó lọ ra akọ. 'Jim Dandy' ló mú, torí pé owó rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. 'Jim Dandy' a máa tètè tanná, 'Winter Red' a máa pẹ́. Kí ìyàwó tó wé gèlè tán, ọkọ ti kúrò lágbo. 'Southern Gentleman' ló bá 'Winter Red' mu, torí ìgbà kan náà ni wọ́n ń tanná. Akọ kan sì tó abo bíi mẹ́fà, bí wọn ò bá ti jìnnà síra ju mítà 15 lọ.

Ó wá ra 'Southern Gentleman', ó gbìn ín, èso so. Ó ti ṣèlérí ẹ̀ka Kérésìmesì fún gbogbo ará ìjọ, àmọ́ ẹyẹ robin àti cedar waxwing ti jẹ ẹ́ kanlẹ̀ kó tó mú àlùmọ́gàjí jáde. (Ẹyẹ ló lè jẹ ẹ́ o; ó máa ń da inú ènìyàn rú.)

'Jim Dandy' ṣì wà níbẹ̀, kò níṣẹ́. 'Red Sprite', abo tó ń bá a tanná nígbà kan náà, ni akọ̀wé yín ń wá kiri báyìí. Ìyàwó rẹ̀ ò tíì gbọ́.