Òórùn Dídùn Kì Í Ṣe Káàdì Ìgbélùú

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ohun tí ó yẹ kí ó ti kúrò lórí àtẹ tipẹ́ ni wọ́n tún ń tà káàkiri Georgia bí òtútù ṣe ń kásẹ̀ nílẹ̀ yìí, ìyẹn họ́nísọ́kù ilẹ̀ Japan, ìtàkùn olódòdó funfun tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Lonicera japonica, wọ́n sì lẹ ìwé mọ́ ọn lára pé ó ń yára dàgbà, pé òtútù kì í pa á, pé ibi gbogbo ni ó ń gbà á, bí ẹni pé oríkì ni wọ́n ń kì í, bẹ́ẹ̀ ẹ̀sùn gan-an ni wọ́n ń kà sí i lẹ́sẹ̀.

AKÀNNÍ: Ẹ rọra, Ìyá Ìbejì, ẹni tí ó ra ọ̀kan ní Sátidé wà ní ìjókòó yìí, owó ọ̀hún ṣì ń dùn ún.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Kò yani lẹ́nu, nítorí ìwọ náà ni o gbin ewúro síta nínú òtútù èṣí, tí o wá ń bi ewúro pé kí ló ṣe é. Ní 1806 ni wọ́n gbé ìtàkùn yìí dé Long Island ní New York fún ẹwà, wọ́n tún wá ń gbìn ín kí ó lè di ilẹ̀ mú lọ́wọ́ ọ̀gbàrá, ṣùgbọ́n ẹyẹ ń jẹ èso rẹ̀ dúdú, wọ́n ń yàgbẹ́ rẹ̀ sínú igbó, oríkèé rẹ̀ tí ó bá sì ti kan ilẹ̀ ń ta gbòǹgbò, tí yóò fi lọ́ mọ́ igi kékeré lọ́rùn títí ìyẹn yóò fi kú. Massachusetts ti fòfin de títà rẹ̀.

AKÀNNÍ: Ṣé nítorí pé ó jẹ́ àjòjì ni? Ẹ̀yin náà ńkọ́, Ìyá Ìbejì? Ọkọ̀ òfuurufú ni ó gbé yín dé.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ilá náà ti Áfíríkà wá sí Georgia, kò sì fún igi kankan lọ́rùn. Ìwà ni ẹjọ́ wà lé lórí. Ẹni tí ó bá ti bá ewé Akíntọ́lá du oko rí kò nílò àlàyé.

AKÀNNÍ: Òórùn ìtàkùn Japan yìí nírọ̀lẹ́ ńkọ́?

ÌYÁ ÌBEJÌ: Àfòpiná ni ó ń fi òórùn pè, àfòpiná kan náà tí ó lérí pé òun yóò pa fìtílà, ìdí sì nìyí tí òdòdó rẹ̀ fi funfun kí ó tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Lonicera sempervirens, họ́nísọ́kù tí í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ Georgia, kò ní òórùn kan lọ títí, ṣùgbọ́n òdòdó rẹ̀ pupa lóde, ó sì gùn bí fèrè, hummingbird, ẹyẹ kékeré tí í dúró lójú kan nínú afẹ́fẹ́, a sì máa ti ẹnu bọ̀ ọ́. Kí o tó sanwó, wo ewé méjì tí ó wà nísàlẹ̀ òdòdó: tiwọn níbí lẹ̀ pọ̀ di àwo kan ṣoṣo tí igi ìtàkùn gba àárín rẹ̀ yọ, ti Japan sì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Gbin tiwọn níbí síbi tí oòrùn ti ń ràn fún wákàtí 6 ó kéré tán, ri igi tí yóò gùn, má há a mọ́ ògiri, nítorí bí afẹ́fẹ́ kò bá ráyè kọjá, àrùn tí í bo ewé bí ìyẹ̀fun yóò mú un, kí o sì gé e kété tí ó bá ti tanná tán, nítorí ara ẹ̀ka èṣí ni òdòdó ti í yọ jù.

AKÀNNÍ: Àwọn ọmọ kò ní rí omi adùn ti Japan mu mọ́ nìyẹn, bí àwọn ọmọ ilé ṣe máa ń já òdòdó ixora mu.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Tí wọ́n bá já ìdí tiwọn níbí, tí wọ́n sì fa okùn inú rẹ̀ yọ, ẹ̀kán omi adùn wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àmọ́ kí wọ́n fi èso rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹyẹ.

AKÀNNÍ: Èyí tí owó ti bá lọ yìí ńkọ́, ṣé olùtà yóò dá owó padà?

ÌYÁ ÌBEJÌ: Dì í sínú ọ̀rá, má jẹ́ kí ẹ̀ka kan já sílẹ̀ lọ́nà, mú rìsíìtì dání, kí o sì pe orúkọ Látìnì rẹ̀ ketekete, kí olùtà lè mọ̀ pé ìwọ nìkan kọ́ ni o rán ara rẹ wá.